Ọjọ́ Mẹ́ta ní Ẹ̀yìnkùlé Kan ní Sábó: Ewé Ni Í Sọ Orúkọ Kòkòrò

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òkè òkun. Èkó ni mo lọ, ní àdúgbò Sábó ní Yaba, ẹ̀yìnkùlé ilé kan ṣoṣo ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò mi. Síbẹ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ tó ohun tí à bá jókòó sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó pè mí lórí fóònù nínú oṣù Òkúdù. Ẹ̀fọ́ ni ó ń tà ní ọjà Sábó láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé, níbi tí ó ti ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, tòmátì àti àgbàdo díẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kòkòrò fẹ́ sọ mí di onígbèsè. Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra òògùn apakòkòrò tó lágbára ní Ìbàdàn, kí n fi pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ kó ewédú lọ sọ́jà, ọjọ́ náà ni mo sì gbọ́dọ̀ dá èésú mi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo ojú wọn ná."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ní ń wo ojú olè kí ó tó ké sí ará àdúgbò?"

Mo ní, "Adájọ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ tuntun yìí ti ń ná Ìbàdàn sí Èkó, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson pè, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ni ó sì já wa sí. Láti ibẹ̀ mo wọ dánfó gba Oyíngbò àti Adékúnlé, kò pẹ́ tí kọ̀ndọ́ fi ń ké pé, "Sábó! Sábó! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!"

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Sábó kò ní ronú kan labalábá rárá. Òpópónà Herbert Macaulay ni ó la ibẹ̀ já, ariwo ọkọ̀ kò sì jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà ń fi báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ síbi iṣẹ́, oníbọ̀lì ń fẹ́ná lẹ́bàá ọ̀nà. Láti ẹnu Hausa ni orúkọ Sábó ti wá. Sábon Gàrí ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ìlú tuntun, káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni a sì ti ní Sábó tiwa. Queen's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927 wà níbẹ̀, Yaba College of Technology tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1947 kò sì jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní Èkó ní 1924, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú náà ṣe. Yaba wà lára ibi tí àjọ yìí là sí òpópónà gbọọrọ, tí wọ́n sì pín fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tó ṣẹ́ kù, àwọn kan ṣì ní ẹ̀yìnkùlé títí di òní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé.

Nígbà tí mo fi máa jẹun tán, ó ti mú mi lọ sí ọgbà. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà ní igun, igi fúrúùtù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ebè ẹ̀fọ́ sì wà láàárín. Lóòótọ́ ni ewé ti lu bí ajere. Mo rántí òwe àwọn baba wa tó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò gbà, pé ẹ̀fọ́ ni ó jàre.

Mo sọ fún un pé ìbéèrè 3 ni a ó máa bi kòkòrò kọ̀ọ̀kan. Èkíní, ewé wo ni o ń jẹ? Èkejì, báwo ni ara rẹ ṣe rí? Ẹ̀kẹta, kí ni o ń ṣe bí a bá fi igi kékeré kàn ọ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí ọ̀pọ̀ kòkòrò ajewé kì í jẹ ohun gbogbo. Ìyá wọn a máa wá ewé tí yóò bá ọmọ rẹ̀ lára mu kí ó tó yé ẹyin sí i. Nítorí náà, bí o bá mọ ewé, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ kòkòrò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣi kòkòrò ajewé mú fún ìdin eṣinṣin. Ìdin eṣinṣin kò ní ẹsẹ̀. Èyí tí yóò di labalábá ní ẹsẹ̀ gidi 6 lẹ́yìn orí, ó sì ní ẹsẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ mìíràn ní àárín àti ní ìdí, tí kì í ju 10 lọ. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ àárín wọn kò pé. Ńṣe ni wọ́n máa ń tẹ ara bí ọrun, tí wọ́n á tún nà án, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ìka wọn aṣọ.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí kòkòrò níbẹ̀, pé ìgbẹ́ ẹyẹ lásán ni. Mo ní kí ó wò ó dáadáa. Ìgbẹ́ ẹyẹ náà ń rìn! Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ọmọ labalábá ọsàn nìyẹn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Papilio demodocus. Bí ó bá ṣì kéré, ó dúdú, ó sì ní funfun lára, kí ẹyẹ lè rò pé ìgbẹ́ òun ni. Bí ó bá dàgbà, yóò di aláwọ̀ ewé. Mo fi igi kàn án díẹ̀, ó sì yọ ìwo rírọ̀ méjì pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn orí, òórùn kíkan sì gba afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fò sẹ́yìn. Mo ní kò lè ta á, kò sì lè bù ú jẹ, ẹ̀rù lásán ni ó ń dá ba ọ̀tá. Labalábá dúdú oníyẹ́lò tó máa ń fò kọjá lórí ọgbà ní ọ̀sán, òun ni ìyá rẹ̀. Mẹ́rin péré ni a rí. Igi tó ti dàgbà kò ní kú nítorí kòkòrò 4.

Lórí ewédú, kòkòrò kéékèèké tí ẹ̀gún bo ara wọn ni a bá, wọ́n pọ̀ jọ. Àwọn ọmọdé ilé náà ti ń sá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún náà kì í ta ènìyàn. Ọmọ Acraea ni wọ́n, labalábá kékeré aláwọ̀ ọsàn tí í máa fò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kò sì ní ìdí láti bẹ̀rù, nítorí kò dùn lẹ́nu ẹyẹ. Nítorí pé wọ́n máa ń kó ara jọ, ọwọ́ lásán tó láti fi kó wọn.

Tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ ti ká ewé jọ bí ẹni ká ẹní. Mo tú ọ̀kan, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé kan sì fi okùn ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kíá. Spoladea recurvalis nìyẹn, ọmọ àfòpiná kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ìlà funfun lórí ìyẹ́. Inú ewé tí ó ká ni ó ń gbé, nítorí náà apakòkòrò tí a bá fọ́n sórí ewé lè má tilẹ̀ kàn án. Ẹ ká ewé tó ti ká jọ kúrò, ẹ ti ká kòkòrò náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà tí a dé ìdí àgbàdo ni ojú mi yí padà. Ihò ńláńlá wà lára ewé, ìgbẹ́ bí ẹ̀kù pákó sì kún inú ọ̀mùnú rẹ̀. Mo fa kòkòrò ibẹ̀ jáde, mo fi awò wo orí rẹ̀, mo sì rí àmì bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, àmì dúdú 4 jókòó bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì. Spodoptera frugiperda nìyẹn, àjèjì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn onímọ̀ IITA, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kéde rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tàn dé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, nítorí alẹ́ ni àfòpiná rẹ̀ máa ń rin ìrìn àjò, ó sì máa ń fò jìnnà. Èyí kì í ṣe àlejò tí a ń tẹ́ní fún. Mo tẹ̀ ẹ́ pa. A wá ẹyin rẹ̀ tó wà ní òkìtì-òkìtì lẹ́yìn ewé, a fọ́ wọn. A da eérú díẹ̀ sínú ọ̀mùnú àgbàdo kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ kan ti ń ṣe.

Ní àkókò yìí ni ẹ̀gbọ́n mi mú ìgò kékeré kan jáde láti abẹ́ bẹ́ǹṣì. Aládùúgbò kan ni ó fún un. Kò sí ìwé kankan lára ìgò náà. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo àlàyé rẹ dára, ṣùgbọ́n èésú kò mọ àlàyé. Bí mo bá fọ́n èyí lálẹ́ òní, ọjọ́ Ajé ewédú mi yóò tutù, yóò sì mọ́."

Mo sọ ìtàn tí n kò tíì sọ fún un rí. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ní Ìbàdàn, mo da irú òògùn bẹ́ẹ̀ sórí tẹ̀tẹ̀ mi. N kò mọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì kòkòrò ti kú sílẹ̀ jáńtirẹrẹ. Adìyẹ mi 6 ṣa wọ́n jẹ, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo wọn ti kú. Ìyàwó mi ti já ewé kan náà sínú agbọ̀n fún ọbẹ̀ alẹ́. Bí kì í bá ṣe ti adìyẹ, àwa ni à bá jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú kòkòrò kí n tó gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo rán an létí pé ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa dichlorvos nínú ìgò kéékèèké, nítorí ìlòkulò. Òògùn tí ó tọ́ fún oko ní ìwé lára, ìwé náà a sì máa sọ ewé tí a lè lò ó fún àti iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó ká a. Ìgò tí kò ní ìwé dà bí àlejò tí kò ní orúkọ. Ó gbé ìgò náà lọ sí àjà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, ó ní òun yóò dá a padà fún olówó rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti èmi àti òun àti àwọn ọmọ ilé ti wà nínú ọgbà pẹ̀lú garawa omi ọṣẹ, a ń ṣa kòkòrò ewédú sínú rẹ̀.

Ọmọ kan láàárín wọn lọ fọwọ́ kan kòkòrò onírun lára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èyí yàtọ̀ sí ẹlẹ́gùn-ún orí ewédú. Irun tó rọ̀ bí òwú náà lè ní májèlé. A kò jẹ́ kí ọmọ náà họ ọ́. A fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, a ṣí i, irun náà sì bá a jáde, lẹ́yìn náà ni a fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú ni ó kàn, ilé ìwòsàn ni à bá gbé e lọ.

Lábẹ́ fúrúùtù, mo fi arígiṣẹ́gi hàn wọ́n, kòkòrò tó fi igi wẹ́wẹ́ kọ́ ilé sí ara rẹ̀, tó sì ń gbé ilé náà kiri. Òwe tí wọ́n ń pa mọ́ ọn, pé orí ara rẹ̀ ni yóò fi ru igi tó ṣẹ́, gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì rí ẹni tí òwe náà ń bá wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a gbọ́ igbe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun ńlá kan ti fò wọlé, ó ń kọlu gílóòbù iná. Nígbà tí ó balẹ̀ sára ògiri, gbogbo wa rí i pé àwòrán bí agbárí òkú ènìyàn wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá àgbà kan, ayálégbé, ní ẹyẹ àjẹ́ ni, pé kí ẹnì kan mú ìgbálẹ̀ wá. Ọkùnrin kan ti bọ́ bàtà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sún mọ́ ọn, mo fi ife bò ó. Ó ké fíìn bí eku! Ìyá àgbà kígbe Jésù.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Àfòpiná lásán ni." Acherontia atropos ni orúkọ rẹ̀, ní Yúróòpù náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ba àwọn ènìyàn láti ìgbà pípẹ́ nítorí àmì yẹn. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ jáde lẹ́nu ni ó ń dún bẹ́ẹ̀. Kì í mu ẹ̀jẹ̀, kì í ta ènìyàn. Oyin ni ó fẹ́ràn, ó tilẹ̀ máa ń wọ ilé oyin lọ jí i mu lóru. Ọmọ rẹ̀ ni kòkòrò gàgàrà tó ní ìwo ní ìdí, tí a lè bá lórí tòmátì. Iná wa ni ó ṣì í lọ́nà. Àwọn tó sọ pé àfòpiná tó fẹ́ pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. A pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ṣí fèrèsé, ó sì lọ. Ìyá àgbà ní òun kò tíì gbà, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá bi mí bí a ṣe ń mọ labalábá yàtọ̀ sí àfòpiná. Ẹ wo ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì iwájú orí. Ti labalábá ní kókó ní ṣóńṣó bí orí ìṣáná. Ti àfòpiná rí bí okùn tàbí bí ìyẹ́ ẹyẹ. Bí ó bá ń sinmi, labalábá a sábà máa pa ìyẹ́ pọ̀ sókè, àfòpiná a tẹ́ ẹ bí òrùlé. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó paradà, ọmọ labalábá a fi ara hàn gbangba lára ẹ̀ka, ọ̀pọ̀ ọmọ àfòpiná a hun òwú bo ara wọn tàbí kí wọ́n wọ inú ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi wọ ìró sányán tó jẹ́ ti ìyá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kòkòrò ajewé ni ẹ wọ̀ yìí o." Ó ní kí n má ba òun jẹ́ níwájú ènìyàn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní sányán lónìí jẹ́ òwú tí a pa láró, ṣùgbọ́n sányán gidi ti ara ilé tí àwọn ọmọ àfòpiná Anaphe jọ hun sórí igi ni ó ti ń wá. Wọ́n á fi omi eérú sè é, wọ́n á ran án, wọ́n á sì hun ún. Síbẹ̀ ìbátan rẹ̀ kan, Anaphe venata, tí àwọn ènìyàn ń jẹ ní àkókò òjò, ti kó àwọn kan sí wàhálà. Ní 1993, oníṣègùn Adamolekun kọ̀wé pé òun ni ó fà á tí ara àwọn kan fi ń gbọ̀n tí wọn kò sì lè rìn dáadáa, nítorí ó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, pàápàá lára ẹni tí kì í jẹun dáadáa. Ìdílé kan náà, aṣọ iyì lọ́wọ́ kan, àìsàn lọ́wọ́ kejì. Ta ní tún máa sọ pé gbogbo kòkòrò, kòkòrò ni?

Nígbà tí a ń bọ̀, mo sọ fún un pé Yaba kì í ṣe àjèjì sí irú ìwádìí yìí. Láti 1925 ni àwọn onímọ̀ tí Rockefeller Foundation rán wá ti ń ṣe ìwádìí ibà pọ́njú ní Yaba. Ní ilé ìwádìí kan ní Yaba náà ni John Boorman ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọn, òun àti Porterfield sì ni wọ́n kọ̀wé ní 1956 lórí bí ẹ̀fọn ṣe lè gbé àrùn Zika kiri. Boorman yìí kan náà ni ó kọ ìwé lórí labalábá àti àfòpiná Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí Longman tẹ̀ jáde ní 1970. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò nílò ilé ìwádìí ńlá. Ìgò ẹnu gbòòrò kan, aṣọ ẹ̀fọn ní ẹnu rẹ̀, àti ewé tútù irú èyí tí ẹ bá kòkòrò náà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó tó. Ohun tó bá jáde kẹ́yìn ni yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún kíláàsì yín.

Ọjọ́ Ajé pé, mo tẹ̀lé e lọ sọ́jà. Oníbàárà kan, olùkọ́ bíi tèmi, gbé ìdì ewédú kan sókè, ó ní, "Ìyá, ewédú yín ti lu o."

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Kòkòrò jẹ ẹ́, kò kú. Èyí tí kòkòrò kò lè fẹnu kàn, ẹ bi olówó rẹ̀ léèrè ìdí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ra ìdì 3. N kò sọ pé ihò lára ewé jẹ́ ẹ̀rí tó dájú, nítorí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ènìyàn jẹ lè fọ́n òògùn lẹ́yìn tí ewé ti lu. Ẹ máa fọ ẹ̀fọ́ yín dáadáa. Ṣùgbọ́n àwa oníbàárà tó ń fẹ́ ewé tí kò ní àbùkù kankan, àwa náà ni à ń ti alátà sí ìdí ìgò. Owó ọjọ́ náà kò pé tó bí ó ti rò, owó ata ni ó fi kún un kí ó tó dá èésú. Ó dá a pé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo padà sí Ìbàdàn, fóònù mi dún. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin orí ọsàn wẹ́wẹ́ ti wà nínú ìgò àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò kí mi pàápàá. Ó ní, "Tíṣà, ó ti jáde o! Dúdú àti yẹ́lò ni, gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Ìyá àgbà ni ó ṣí ìgò fún un."